Kò Sí Wẹ́dà Ní Erékùṣù Náà

Bàbá mi, olówó orí ìyá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ń kọ lẹ́tà sí fún ẹni tó bá lọ sí ibi tí ẹ lọ, torí náà mi ò fi àdírẹ́ẹ̀sì kankan sí i. Orí àga onírin tí ẹ jó fún mi nígbà tí mo wọ sẹ́kọ́ńdìrì ni mo jókòó sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Ẹ ní ẹ máa tún un ṣe lọ́jọ́ Àìkú, ẹ ò sọ ọjọ́ Àìkú wo, páálí ni mo ká sábẹ́ rẹ̀ títí dòní.

Mowé ò rí bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ mọ́. Oko ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìnkùlé wa ti di ilé, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó ló kún inú rẹ̀, ìdájí ni wọ́n ń jáde bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ṣọ́ọ̀bù yín ní Àṣèsé ti bọ́ sọ́wọ́ mẹkáníìkì kan. Géètì tí ẹ ò jó tán, ó gbé e dùbúlẹ̀, ó ń tú ẹ́ńjìnnì lé e lórí. Mo dúró wò ó lọ́jọ́ kan, inú bí mi, mo fẹ́ bá a jà. Ó kí mi dáadáa, ó ní ṣé mo fẹ́ tún ọkọ̀ ṣe ni. Mo ní rárá, mo bá tèmi lọ.

Ṣé ẹ rántí pòtétò? Bí iná wẹ́dà bá ta yín lójú, ẹ ò ní lè sùn, ẹ ó ní kí Màámi gé pòtétò pẹlẹbẹ lé yín lójú méjèèjì. Ẹ ó wá nà gbalaja sórí ẹní, ẹ ó ní kí n máa ka ìwé ìròyìn fún yín. Ìwé ìròyìn tí wọ́n fi di ìṣó fún yín ni, ó ti lé lọ́dún kan. Màá kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níhìn-ín, ẹyọ kan lọ́hùn-ún, ẹ ó wá ní kí n sọ ọ́ ní Yorùbá. Bí mo bá ti ń sọ ọ́, ẹ ó máa mi orí pẹ̀lú pòtétò lójú, pé ọmọ yín gbọ́ òyìnbó. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ mí di ògbufọ̀, Bàbá. Kì í ṣe pé mo fẹ́ di ẹ̀bi rù yín o.

Kì í ṣe nítorí géètì tàbí pòtétò ni mo ṣe mú bírò. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni wọ́n tó kírun fún yín, ó sì lé lọ́dún mẹ́ta tí bàálù yín já. Ẹ lè ti máa bi ara yín pé kí ló dé tí àwọn èèyàn yín fi yín sílẹ̀ bí ẹni tí kò lẹ́bí. Èmi ni mo fà á. Mo fẹ́ rò ó bó ṣe rí gan-an, ẹ bá mi fara balẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé Màámi ò fẹ́ ìrìn àjò yẹn. Ọkùnrin tó wá kó wẹ́dà mẹ́fà ní Àṣèsé sọ pé afárá ni wọ́n ń ṣe ní Gàbọ̀n, pé oṣù mẹ́fà péré ni. Ẹ ti sọ fún gbogbo àdúgbò kí ẹ tó sọ nílé. Ẹ lọ rán dàńṣíkí tuntun nítorí bàálù, bí ẹni pé wọn kì í jẹ́ kí aláṣọ àtijọ́ wọ̀ ọ́. Ẹ sì ṣèlérí pé èmi ni màá sìn yín dé éépọ́ọ̀tù. Nígbà tí mo jí lọ́jọ́ náà, ẹ ti lọ. Màámi ní ẹ̀yin lẹ ní kí àwọn má jí mi, torí pé mo ní ìdánwò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ẹ pè sórí fóònù ìyá onílé. Mo mọ̀ pé ẹ rántí. Ariwo pọ̀ lẹ́yìn yín, ẹ ń pariwo kí n lè gbọ́. Ẹ ní àwọn wẹ́dà yòókù wà lọ́dọ̀ yín, ẹ ní kí n sọ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ sí yín kí wọ́n gbọ́ bí ọmọ yín ṣe ń sọ ọ́. Mo ṣì ń bínú. Mo ní, "Bàbá, mi ò ráyè, mò ń fọṣọ." Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní kò burú, tí ẹ bá débẹ̀ ẹ máa tún pè. Mo ti na fóònù sí ìyá onílé kí ẹ tó dákẹ́. Mi ò fọṣọ kankan, Bàbá. Ẹ̀yìn ilé ni mo jókòó sí, mò ń ju òkúta lu ògiri.

Ọjọ́ kejì ni rédíò sọ pé bàálù kan tó ń lọ sí Gàbọ̀n ti sọnù lójú òkun nínú kùrukùru. Wọ́n wá a fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n rí pátákó apá rẹ̀ kan, wọ́n rí bàtà, wọn ò rí ẹnì kankan. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò wá fi kún un pé àwọn erékùṣù kéékèèké kan wà lágbègbè ibẹ̀ tí èèyàn kì í gbé, tí ọkọ̀ ojú omi kì í sì í lè sún mọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń wá ohun tó máa fi parí ìròyìn. Ṣùgbọ́n Màámi gbé orí sókè. Wọ́n ní kí n tún un sọ, kí ni wọ́n ní ó wà láàárín omi? Mo ní ilẹ̀ ni. Láti ọjọ́ yẹn, ilẹ̀ ni Màámi ń rí.

Ẹ̀gbọ́n yín, Bàbá Ifọ̀, mú ááfà àti àgbà ilé méjì wá sí Mowé. Ọkọ̀ mẹ́ta ni wọ́n wọ̀ kí wọ́n tó dé, eruku bò wọ́n. Wọ́n jókòó sí pálọ̀, Màámi kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n gbé omi fún wọn, gbogbo rẹ̀ ń lọ bó ṣe yẹ. Bàbá Ifọ̀ wá ní, "Ìyàwó, àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù. Jẹ́ ká kírun sí àbúrò mi lára, kí ìwọ náà jókòó opó rẹ, kí ọkàn gbogbo wa balẹ̀."

Màámi ò dìde lórí eékún. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ẹ fi òkú ẹ̀ hàn mí."

"Òkun ló gbé e. Níbo la ti fẹ́ rí i?"

"Tí ẹ ò bá rí i, a jẹ́ pé ó wà níbì kan. Ẹ ò ní kírun òkú sí ọkọ mi lára láàyè. Ẹ ò ní fi ẹnu yín pa á fún mi."

Bàbá Ifọ̀ wo ááfà, ááfà wo ilẹ̀. Wọn ò mu omi yẹn tán. Láti ọjọ́ náà, wọn ò wá mọ́, àwa náà ò lọ.

Ẹ ò lè mọ bí Màámi ṣe rí nígbà náà. Wọn ò lọ sí Ọ̀fàdà lọ ra ìrẹsì tí wọ́n ń tà mọ́. Àpò ìrẹsì tí wọ́n rà sílẹ̀ ní ilé ìgúnrẹsì bẹ̀rẹ̀ sí í ní kòkòrò. Wọ́n á bu oúnjẹ, wọ́n á wò ó títí ọ̀rá á fi dì lórí ọbẹ̀. Ọrùn wọn gùn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí lọ́dún yẹn, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ìyá tí kò jẹun. Mo máa ń bẹ̀ yín pé kí ẹ máa bọ̀, mò ń sọ ọ́ sínú kọ́ọ̀bù kí ẹnikẹ́ni má gbọ́.

Ọjọ́ ọjà kan ní Ìbàfò ni Màámi rí fíìmù kan. Múfú onífíìmù tẹ́ síídì sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ márosẹ̀, àwòrán bàálù tó ṣẹ́ sí méjì létí omi wà lára ọ̀kan, igi àgbọn wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn èèyàn dúró, wọ́n ń juwọ́. Màámi dúró gbagidi. Wọ́n ní kí n bi Múfú ohun tó wà nínú rẹ̀. Múfú ní bàálù ló já sí erékùṣù kan tí kò sí nínú máàpù, àwọn tó wà nínú rẹ̀ ò kú, àwọn nǹkan abàmì wá ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ó ní kò tíì tán, pé páálí síídì rẹ̀ pọ̀, yóò máa kó o dé díẹ̀díẹ̀. Màámi rà á láìnájà. Ẹ mọ̀ wọ́n, wọn kì í ra alùbọ́sà láìnájà.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Alásárì, nígbà tí onílé bá tan jẹnẹrétọ̀, la máa ń wò ó. Màámi á gbé atẹ ìrẹsì sórí ẹsẹ̀, wọ́n á máa ṣa òkúta, èmi á jókòó sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ wọn, màá máa sọ ọ́ ní Yorùbá. Mo sọ páálí kìíní bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Bàálù bọ́ sínú kùrukùru. Èèyàn méjìlélógún yè é. Ní ọ̀sán gangan lójoojúmọ́, agogo kan á dún láti àárín igbó, ẹni tó bá tẹ̀ lé ìró rẹ̀ kì í padà. Kànga kan wà tí omi rẹ̀ dùn lónìí, tí yóò ní iyọ̀ lọ́la. Ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀rù ò ba Màámi. Ojú àwọn èèyàn ibẹ̀ ni wọ́n ń wò, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wá ọmọ rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ iléèwé.

Nígbà tí páálí kìíní ń parí lọ, wọ́n dá ọwọ́ dúró nínú ìrẹsì. Wọ́n ní, "Ṣé kò sí wẹ́dà láàárín wọn ni?"

Ọkùnrin apárí kan wà lójú tẹlifíṣọ̀n nígbà náà, ó ń wọ́ irin bàálù lórí iyanrìn. Alásè ni nínú fíìmù, ó fẹ́ fi irin náà ṣe ààrò. Mo wo ọrùn Màámi. Mo ní, "Ó wà. Ẹni yẹn ni wẹ́dà."

Wọ́n ní, "Mo mọ̀." Alẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n jẹ ẹ̀kọ méjì.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀kọ méjì ni. Ká ní wọn ò jẹun ni, bóyá ǹ bá ti dá irọ́ náà dúró. Ṣùgbọ́n wọ́n jẹun, wọ́n wẹ̀, ní ọjọ́ Ajé wọ́n padà sí Ọ̀fàdà. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi sunkún nínú ṣáláńgá.

Mo wá ń retí ọjọ́ Àìkú ju Màámi lọ. Bí apárí yẹn bá ti la ẹnu, ọ̀rọ̀ tèmi ni mò ń fi sí i lẹ́nu. Bó bá ń bínú nítorí oúnjẹ, màá ní ó ń sọ pé òun ní ìyàwó kan nílé tó ń ta ìrẹsì. Bó bá ń bẹ̀rù agogo, màá ní ó ń sọ pé òun ní ọmọbìnrin kan tó gbọ́ òyìnbó. Ní páálí kejì, apárí tẹ̀ lé agogo, ó kú. Mo ní ó lọ wá irin sí i ni, ó máa dé. Nígbà tí kò dé, mo sọ ẹlòmíràn tó dọ̀bálẹ̀ jìnnà sí kámẹ́rà di òun. Mo ní oòrùn ló sọ ọ́ di dúdú. Màámi gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Wọ́n á ní, "Kò jẹun kánú, wo èjìká ẹ̀." Wọ́n á ní, "Iyọ̀ omi yẹn ò ní dáa fún ojú ẹ̀."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún àwọn èèyàn, kì í ṣe bí ìtàn, bí ìròyìn. Wọ́n sọ fún ìyá onílé pé ẹ ti kọ́ àgọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá pè wọ́n ní opó, wọ́n á bá onítọ̀hún jà. Mo rí i pé ó ń le, Bàbá. Ojú mi ò fọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá rò pé kí n sọ òótọ́, ọ̀rá tó dì lórí ọbẹ̀ yẹn ni mò ń rí. Ẹ̀yin náà ńkọ́, kí lẹ̀ bá ṣe? Ṣé ẹ̀ bá na mí ni, tàbí ẹ̀ bá ní kí n máa sọ ọ́ lọ?

Oṣù tó kọjá ni Múfú ránṣẹ́ pé páálí tó kẹ́yìn ti dé. Mo lọ sí Ìbàfò lémi nìkan, mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo òpin rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ńlá kan dé erékùṣù náà. Àwọn sójà sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n rí àgọ́, wọ́n rí ààrò, wọ́n rí bàtà méjìlélógún tí wọ́n tò sẹ́nu kànga. Wọn ò rí ẹnì kankan. Agogo dún, ó parí. Múfú ní, "Sísítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, èmi kọ́ ni mo ṣe é." Mi ò mọ̀ pé mò ń sunkún.

Lọ́jọ́ Àìkú, Màámi fọ ilẹ̀ pálọ̀ kí a tó wò ó. Wọn ò gbé atẹ ìrẹsì. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi yọ, wọ́n gbá ọwọ́ mi mú. Mo ní ọkọ̀ ti dé wá kó wọn. Mo ní wọ́n ti wà nínú ọkọ̀, inú ni wọ́n wà, ìdí rẹ̀ tí a ò fi rí wọn nìyẹn. Mo ní bàtà àtijọ́ ni wọ́n bọ́ sílẹ̀ torí pé wọ́n fún wọn ní tuntun. Ohùn mi ò gbọ̀n. Màámi ń pe orúkọ Ọlọ́run, wọ́n ń fi ìró nu ojú.

"Níbo ni wọ́n ń kó wọn lọ?"

Mo fẹ́ kó parí níbẹ̀. Mo fẹ́ kí inú wọn dùn fún ìgbà ìkẹyìn, kí fíìmù tán, kí àwa náà sinmi. Mi ò ronú. Mo ní, "Èkó."

Nígbà tí mo dé láti iléèwé ní ọjọ́ Ajé, ilé tì pa. Ìyá onílé ní Màámi jáde pẹ̀lú kúlà oúnjẹ, léèsì aláwọ̀ ewé tí ẹ rà fún wọn ní ọdún Iléyá ni wọ́n wọ̀. Mo rò pé ìsọmọlórúkọ ni wọ́n lọ. Wọn ò wọlé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí wọn ò dé, mo yá fóònù ìyá onílé, mo pe Bàbá Ifọ̀. Ọdún mẹ́ta ni mi ò ti gbọ́ ohùn wọn. Wọn ò bi mí ní ohunkóhun ju pé ibo ni mo rò pé ó lọ. Mo ní éépọ́ọ̀tù, torí ibẹ̀ lẹ gbà lọ.

A bá wọn níbi tí àwọn tó bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù ti ń jáde. Orí kúlà ni wọ́n jókòó sí, wọ́n gbé bàtà sí ẹ̀gbẹ́, ẹsẹ̀ wọn wú. Ọkùnrin kan tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sọ fún Bàbá Ifọ̀ pé àná ni màmá yìí ti wà níbí, gbogbo ẹni tó ń jáde ni wọ́n ń bi léèrè bóyá wọ́n wà pẹ̀lú àwọn tó ti erékùṣù bọ̀.

Màámi rí wa, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n kúnlẹ̀ fún Bàbá Ifọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú yẹn. "Wọn ò tíì dé. Bóyá afẹ́fẹ́ ló dá ọkọ̀ wọn dúró. Ẹ̀gbọ́n, mo sọ fún yín." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Sọ fún wọn. Ṣebí ìwọ lo gbọ́ ọ."

Bàbá Ifọ̀ ń wò mí. Ojú yín ló wà lójú wọn, Bàbá, mi ò lè wò ó.

Mo ní, "Màámi, fíìmù ni."

"Mo mọ̀ pé fíìmù ni. Ṣé wọn kì í fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣe fíìmù ni? Wẹ́dà yẹn ńkọ́?"

"Kò sí wẹ́dà níbẹ̀. Alásè ni. Ó ti kú láti páálí kejì."

"Ìyàwó ẹ̀ tó ń ta ìrẹsì?"

"Èmi ni mo fi kún un."

"Ọmọ ẹ̀ tó gbọ́ òyìnbó?"

Bàbá Ifọ̀ na ọwọ́ sí mi, mo rò pé wọ́n fẹ́ gbá mi létí, ọwọ́ náà kàn dúró sórí èjìká mi. Màámi dìde lórí kúlà, wọ́n ṣí i. Ìrẹsì Ọ̀fàdà ni, pẹ̀lú ata tí ẹ fẹ́ràn, tí wọ́n fi irú púpọ̀ sí. Wọ́n bù ú sórí ìdérí fún Bàbá Ifọ̀, wọ́n bu tèmi, wọ́n bu ti ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ ẹ́, ó ti ń fẹ́ kan." A jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Wọn ò fi ọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ kẹta, Màámi fúnra wọn ránṣẹ́ sí Ifọ̀ pé kí wọ́n wá kírun. Ẹ mọ àṣà ilé yín. Ẹni tó bá sọnù tí wọn ò rí òkú rẹ̀, ẹnì kan nínú ilé á dúró lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó kírun, á kọjú sí ibi tó gbà lọ, á pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Bí kò bá dáhùn, ẹni náà á sọ ọ́ ketekete létí gbogbo ilé pé ó ti kú. Bàbá Ifọ̀ ló yẹ kó ṣe é. Wọ́n ti ń gbé fìlà dé orí nígbà tí Màámi sọ̀rọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa sọ̀rọ̀ lójú mi láti éépọ́ọ̀tù.

"Ẹni tó ti ń bá a dá mi lóhùn látọjọ́ yìí ni kó pè é."

Ẹnikẹ́ni ò jiyàn. Mo bọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Mo kọjú sí títì, mo pè yín. Adìyẹ kan gba iwájú mi kọjá. Mo pè yín lẹ́ẹ̀kejì. Mo pè yín lẹ́ẹ̀kẹta. Gbogbo ilé ń dúró dè mí. Mo ní, "Kò dáhùn." Bàbá Ifọ̀ ní jẹ́jẹ́ pé kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Mo tún ní, "Kò dáhùn." Mo gbìyànjú, Bàbá. Ẹnu mi tó ti pa irọ́ ọdún mẹ́ta láìkọsẹ̀, kò lè gbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bàbá Ifọ̀ ló wá bá mi sọ ọ́, àwọn ọkùnrin sì tò sẹ́yìn ááfà, wọ́n kírun yín.

Gbogbo èèyàn gbà pé ó ti tán. Màámi nìkan ni kò gbà. Wọ́n ti rán aṣọ opó, ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti ká a dáadáa, wọn ò wọ̀ ọ́. Bàbá Ifọ̀ bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní ẹnu tó ní ó wà láàyè ni àwọn ń dúró dè, kó wá gba ọ̀rọ̀ náà padà. Wọ́n tún ti padà sí bí wọ́n ṣe wà nígbà kan, wọ́n á bu oúnjẹ, wọ́n á máa wò ó. Lónìí, mo gbé ẹ̀kọ lọ, mo tún gbé e jáde bó ṣe wà. Ṣé ẹ rí ohun tí mo ṣe? Irọ́ tí mo pa kí wọ́n lè jẹun, òun náà ni kò jẹ́ kí wọ́n jẹun mọ́.

Bàbá, mo fẹ́ sọ ohun tí mi ò sọ fún Màámi, tí mi ò sọ fún Bàbá Ifọ̀. Kì í ṣe nítorí ọrùn Màámi nìkan. Nígbà tí mo bá ń fi ọ̀rọ̀ sí apárí yẹn lẹ́nu, mo máa ń gbọ́ ohùn yín. Èmi ni mò ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohùn yín ni. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa aṣọ fífọ̀ ló kẹ́yìn láàárín wa. Mo fẹ́ kí ẹ dé, kí n wá sọ Gẹ̀ẹ́sì sí yín títí ó fi máa sú yín.

Màámi wà nínú yàrá. Mò ń gbọ́ tí ibùsùn ń dún bí wọ́n ṣe ń yí padà. Mo fẹ́ wọlé lọ ka lẹ́tà yìí sí wọn létí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ní Yorùbá tí mo fi kọ ọ́, láìfi kún un, láìyọ níbẹ̀. Tí mi ò bá kọ ọ̀rọ̀ náà sínú rẹ̀, mo mọ ara mi, màá tún fò ó. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ gùn báyìí. Mò ń sá fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ ti kú, Bàbá mi. Inú òkun lẹ kú sí, lọ́jọ́ tí ẹ lọ gan-an, ẹ ò dé ilẹ̀ kankan.

Èmi ọmọ yín kan ṣoṣo, tó fẹ́ràn yín, tó ń dìde lọ bá ìyàwó yín nínú yàrá báyìí.